Bóòtù kíìlì ti dípẹtà lórí Westerly Centaur mi: ṣé kí n yọ ọ́ ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Adé Medway:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà lórí omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ onígbòkun kan níhìn-ín ní Kent, Westerly Centaur tí wọ́n kàn ní 1974. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú rẹ̀ mọ̀ pé kíìlì méjì ló ní, ìyẹn irin wúwo tó yọ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ó lè fẹsẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà lọ. Owó rẹ̀ ò wọ́n, fáíbà ara rẹ̀ nípọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dáhùn.

Ìdí ọkọ̀ ni ìṣòro wà. Nígbà tí mo ṣí pákó ilẹ̀ inú rẹ̀, omi aláwọ̀ búráùn ló wà nísàlẹ̀. Mo gbọ́n ọn, mo nù ún gbẹ. Nọ́ọ̀tù mẹ́ta lápá òsì, lórí àwọn bóòtù tó de kíìlì mọ́ ara ọkọ̀, ti wú, ìpẹtà ń ṣí lára wọn ní ìpele ìpele, wáṣà abẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì ti di lúbúlúbú, ìka ni mo fi hó o kúrò. Àwọn tó kù dára lójú. Lóde, ìlà búráùn kan wà níbi tí kíìlì òsì ti pàdé ara ọkọ̀. Bàbá tó tà á fún mi ní bó ṣe wà látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kí n má da ara mi láàmú. Àwọn ìnṣọ́ránsì ní tiwọn ní àfi kí n mú ìwé surveyor, ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, wá. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà báyìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Annapolis:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú oríire ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi sípánà kàn án. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá fi oofà kékeré kan kan àwọn nọ́ọ̀tù yẹn àti orí bóòtù níbi tí ẹ bá ti há ìpẹtà kúrò. Bí oofà bá lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, irin lásán ni. Bí kò bá lẹ̀, tàbí tó kàn fà á díẹ̀, stainless ni. Iṣẹ́ wọn ò jọra.

Catalina 30 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ní níbí, òjé ni kíìlì tirẹ̀, wọ́n sì rọ àwọn bóòtù mọ́ inú òjé náà ni. Àwọn tó ń wa Catalina mọ ìlà kan tó máa ń yọ níwájú kíìlì, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rín Catalina. Lára àwọn tó ti pẹ́, pákó plywood ló wà nínú fáíbà níbi tí bóòtù gbà kọjá. Bí omi bá wọ ibẹ̀, pákó á jẹrà, á fún pọ̀, bóòtù á wá dẹ̀ láìjẹ́ pé bóòtù fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Nítorí náà ẹ tún wo ohun tí nọ́ọ̀tù jókòó lé. Ẹ fi orí òòlù gbá a jẹ́jẹ́ yíká. Ibi tó bá dún bàmùbàmù ni kí ẹ sàmì sí.

Ajórin Àpápá:
Àbúrò mi, Àpápá ni mo ti kọ́ṣẹ́ irin, lára àwọn bájì, kí n tó wá dé ọgbà ọkọ̀ ní Essex. Nọ́ọ̀tù tí ò ń wò yẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀tù tó wú, a ó gé e, a ó fi òmíràn dípò rẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Ibi tí bóòtù kíìlì ti ń kú ni agbede méjì, níbi tí orí kíìlì ti kan abẹ́ ọkọ̀. Omi iyọ̀ á jókòó síbẹ̀, atẹ́gùn ò dé ibẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò sì tó o. Mo ti fa bóòtù jáde tí òkè rẹ̀ ń dán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí àárín rẹ̀ sì ti rí tín-ín-rín bí ìbàdí agbọ́n. Mo sì ti fa èyí tí orí rẹ̀ burú jáì jáde, tí gbogbo ara rẹ̀ nísàlẹ̀ wà pérépéré. Orí bóòtù ò sọ ohunkóhun fún ọ nípa ìdí rẹ̀.

Stainless ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Ohun tí kì í jẹ́ kó dípẹtà ni awọ fẹ́lẹ́ kan tí chromium inú rẹ̀ máa ń ṣe pẹ̀lú ọ́síjìn. Bí awọ yìí bá bó, ọ́síjìn inú atẹ́gùn tàbí inú omi tó ń ṣàn á tún un dì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi iyọ̀ tó dúró sójú kan láàárín kíìlì àti fáíbà, ọ́síjìn á tán, awọ náà ò ní rí ohun tí yóò fi di ara rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á wá máa jẹ irin náà wọnú. Kò ní wú, kò sì ní da ìpẹtà púpọ̀ síta. Irin lásán ní tirẹ̀ máa ń pariwo. Ìpẹtà rẹ̀ máa ń fẹ̀ ju irin tó jẹ lọ, á máa ti wáṣà sókè, á máa la fáíbà, á máa sun omi búráùn. Bí tìrẹ bá jẹ́ irin lásán, ó ṣàánú rẹ, ó ti ké sí ọ.

Má sì jẹ́ kí ìlà búráùn tó wà lóde nìkan lé oorun lójú rẹ. Irin ni kíìlì Centaur, òun náà máa ń dípẹtà níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí. Há ibẹ̀, fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bí gbogbo àyíká bá ti gbẹ tán tí omi ṣì ń yọ láti inú ìlà náà, a jẹ́ pé omi ti wọ àárín.

Kọ́lá Solent:
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ti bàbá tó ní kí ẹ má da ara yín láàmú, ẹ rántí ọkọ̀ Cheeki Rafiki. Beneteau First 40.7 ni, Antigua ló ti ń bọ̀ wá sí Southampton níbí ní oṣù karùn-ún 2014, ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kíìlì rẹ̀ já lójú Àtìláńtíìkì. Wọ́n rí ìdí ọkọ̀ náà tó dojú dé, wọn ò rí àwọn èèyàn náà mọ́. Ìwé tí MAIB, àwọn tó ń wádìí jàǹbá ojú omi ní Britain, gbé jáde ní 2015 sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ti ṣe ń fara gbálẹ̀ léraléra, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ló sọ ibi tí kíìlì so mọ́ di aláìlágbára. Wọ́n ní ó sì ṣeé ṣe kí bóòtù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bàjẹ́. Wọn ò rí ọkọ̀ náà gbé wálé, kò sẹ́ni tó lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Centaur kò sáré tó ìyẹn, kò sì ní kíìlì gígùn tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni tirẹ̀ ń fara gbálẹ̀! Gbogbo ìgbà tí omi bá fà, á jókòó sórí ẹrẹ̀. Bí omi bá tún dé, ẹrẹ̀ á di kíìlì kan mú ju èkejì lọ, á máa lọ́ wọn. Ibi tí kíìlì ti so mọ́ ara ọkọ̀ ni àìsàn tí gbogbo ẹni tó ní Centaur mọ̀, kì í ṣe bóòtù nìkan.

Túndé Badagry:
Ẹ̀yin ará ìlú òyìnbó ń jìyà o. Ní Lagos Yacht Club níbí, Lightning àti Hobie, àwọn ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké wa, ò mọ ohun tó ń jẹ́ bóòtù kíìlì. A ó fa pákó sókè, a ó gbé ọkọ̀ sórí iyanrìn, ó parí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń kà á.

Kọ́lá Solent:
Túndé, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. 😂

Adé, ẹ ní kí surveyor mú ẹ̀rọ ultrasonic wá. Wọ́n á fáìlì orí bóòtù títí tó fi tẹ́jú, wọ́n á fi nǹkan kékeré kan lé e lórí pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì, ìró á lọ sísàlẹ̀ bóòtù, á sì padà. Bí bóòtù bá ti sán tàbí tó ti tín-ín-rín níbì kan, ìró náà á ti ibẹ̀ padà kó tó dé ìsàlẹ̀. Kò tó owó àtiyọ kíìlì. Ṣùgbọ́n bóòtù tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀, irú ti inú òjé Ìyá Ìbejì, máa ń da ìró náà rú, ó sì gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ fi sípánà torque (èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń fà á) fa gbogbo wọn dé ìwọ̀n tó yẹ. Èyí tó bá máa já, kó já lórí ilẹ̀.

Ajórin Àpápá:
Kọ́lá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ ìyẹn o. Bóòtù tó bá já, lóòótọ́ ó ti sọ̀rọ̀. Èyí tí kò já ńkọ́? Ó lè gba torque yẹn lónìí kí ihò inú rẹ̀ sì ti fi sísán bẹ̀rẹ̀. Bí pákó bá wà nínú fáíbà, tí wáṣà sì kéré, ẹ ó kàn fún un wọlé ni, sípánà á sọ pé ó dára. Fífa nọ́ọ̀tù kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ yọ bóòtù kan, kí ẹ fojú rí i.

Àbúrò, ohun tí màá ṣe rèé. Lọ́jọ́ tí kréènì bá gbé e, kí kíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ báyìí, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (má wọ abẹ́ rẹ̀ o, má gbà á fún ẹnikẹ́ni), kí o fi abẹ ọ̀bẹ tín-ín-rín tẹ̀ lé ìlà náà. Kíìlì ń rọ̀ lórí bóòtù nígbà yẹn. Bí ìlà bá là tí ọ̀bẹ wọ ibi tí kò wọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn bóòtù ti dẹ̀ tàbí wọ́n ti na. Kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kan ti ìsàlẹ̀ kíìlì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fáíbà tó bá ń mí yíká nọ́ọ̀tù, ojú máa rí i.

Lẹ́yìn náà, gbé e padà sílẹ̀, kó jókòó sórí kíìlì méjèèjì, kí o fi igi tì í yíká. Mú bóòtù kan tí orí rẹ̀ burú jù, kí o yọ òun nìkan. Ọ̀kan ṣoṣo. Má tú ìkejì kí ti àkọ́kọ́ tó padà sáyè rẹ̀.

Adé Medway:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Oofà lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn pinpin, irin lásán ni. Mo ti gbìyànjú nọ́ọ̀tù tó burú jù yẹn, kò mira. Mo fi páìpù gùn sípánà, sípánà ló fẹ́ yọ́ kúrò lórí rẹ̀, igun mẹ́fà nọ́ọ̀tù ti di róbótó. Ṣé kí n fi iná sí i?

Ajórin Àpápá:
Iná kọ́! Fáíbà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iná tó máa gbà kí irin tó dẹ̀, fáíbà á ti jóná.

Kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin bó gbogbo ìpẹtà orí rẹ̀. Pò acetone àti ọ́ìlì gíà alátòmátíìkì, ìdajì ìdajì, kán an sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí o sì máa fi òòlù gbá orí bóòtù díẹ̀ díẹ̀ kó lè rì wọlé. Acetone ń gbaná o, ṣí gbogbo fèrèsé. Bí kò bá gbọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, fi grinder gé nọ́ọ̀tù náà láti òkè dé ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ku díẹ̀ kó kan ojú òwú bóòtù (ìlà tí wọ́n gé yí i ká), kí o fi ṣísẹ́lì là á. Fi aṣọ tútù bo àyíká, kí ẹnì kan di ẹ̀rọ ìpaná lọ́wọ́. Àwọn mìíràn tún máa ń fi irin ìpanọ́ọ̀tù ṣe é, èyí tí wọ́n ń fi sípánà há mọ́ ọn títí nọ́ọ̀tù á fi là.

Ọ̀rọ̀ bóòtù fúnra rẹ̀ wá kù. Wò ó bóyá ṣe ni wọ́n dè é mọ́ inú irin kíìlì bí súkúrù, tàbí ó gba inú rẹ̀ kọjá tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Eléyìí tó gba inú kọjá, fífi irin kékeré tì í sísàlẹ̀ ni, òòlù tàbí jáàkì. Eléyìí tí wọ́n dè, nọ́ọ̀tù méjì ni wàá há mọ́ ara wọn lórí rẹ̀, kí o fi ti ìsàlẹ̀ yí i. Bó bá já sínú, dírílì ló kù, bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré kí o máa fẹ̀ ẹ́ lọ, gbọ̀ngbọ̀nràn ni kó lọ, kí o wá gé òwú tuntun sí i. Kò rọrùn láti dúró nínú ọkọ̀ kí èèyàn sì dírílì tààrà. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, pe ẹni tó ń fi ṣe iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Annapolis:
Fún àwọn tí wọ́n ní òjé bí tèmi: ẹ̀yin ò lè yọ tiyín báyìí, inú òjé ni wọ́n rọ ọ́ mọ́. Àwọn tó ń ṣe é níbí máa ń dírílì ihò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á gé fèrèsé kékeré kan sí ara òjé lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi nọ́ọ̀tù àti wáṣà ńlá dè é nínú ibẹ̀, wọ́n á wá fi epoxy, gọ́ọ̀mù tó máa ń le koko, tí wọ́n pò ki dí fèrèsé náà. Òjé rọ̀, dírílì máa ń há sínú rẹ̀, ẹ máa fà á jáde léraléra.

Adé Medway:
Ẹ̀gbọ́n, ó jáde! Surveyor náà wá lọ́jọ́ kan náà, ó fi caliper wọ̀n ọ́n. Lókè, mílímítà 19. Níbi tí kíìlì àti fáíbà ti pàdé, 13, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì rí jákajàka. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ó tún padà sí 19, kódà ọ̀rá tí wọ́n fi sí i látijọ́ ṣì wà lójú òwú rẹ̀. Surveyor ní òun ò ní kọ ìwé àfi kí n pààrọ̀ wọn. Ṣé 13 nínú 19 burú tó bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ó ṣì ku ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ajórin Àpápá:
Rárá, kì í ṣe báyẹn la ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ojú irin tí a bá gé bóòtù ní dídábùú ló ń ru ẹrù, ìyẹn sì ń tẹ̀lé ìlọ́po ara ìwọ̀n náà. 13 lọ́nà 13 jẹ́ 169, 19 lọ́nà 19 jẹ́ 361. Kò tó ìdajì ló kù sí ọ lọ́wọ́. Ibi tó rí jákajàka yẹn ni sísán á sì ti bẹ̀rẹ̀. Surveyor yẹn mọṣẹ́.

Yọ ọ̀kan lápá ọ̀tún náà, èyí tí orí rẹ̀ dára lójú. Bí òun náà bá ti jẹrà nínú, gbogbo wọn ni. Bí ó bá mọ́, ìwọ àti surveyor lè jọ sọ ọ́. Èmi fúnra mi, bí mo bá ti dé ibẹ̀, gbogbo wọn ni màá pààrọ̀, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Kọ́lá Solent:
Irin wo ni kó fi dípò? Stainless 316 ni mo fi sí tèmi.

Ajórin Àpápá:
316 dára bí ibẹ̀ á bá gbẹ, má jẹ́ kí wọ́n tà 304 fún ọ. Ṣùgbọ́n nínú kíìlì onírin, èmi ṣì fẹ́ràn irin lásán tí wọ́n rì sínú síńkì (zinc) yíyọ́. Ó máa dípẹtà lọ́jọ́ kan, òótọ́ ni, àmọ́ á sọ fún ọ kó tó kú. Idẹ ni kí o má fi sí i láéláé, torí idẹ àti irin nínú omi iyọ̀ kan náà, irin ni á máa jẹ títí, kíìlì rẹ á sì di oúnjẹ. Idẹ wà fún kíìlì òjé. Síńkì tí wọ́n ń so mọ́ ìta ọkọ̀, kí omi iyọ̀ lè jẹ òun dípò irin, kò sì ní bá ọ dáàbò bo inú àárín yẹn. Nǹkan tó bá so pọ̀ mọ́ ọn, tó sì wà nínú omi kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ló ń ṣọ́.

Kí bóòtù tuntun tó wọlé, fọ ihò náà mọ́, gbẹ ẹ́, fi gọ́ọ̀mù polyurethane, irú Sikaflex, kún yíká ọrùn bóòtù níbi tí méjèèjì ti pàdé àti abẹ́ wáṣà. Bí o bá máa yọ kíìlì pátápátá, tí kréènì gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dára jù nítorí wàá lè há gbogbo ojú ìpàdé náà. Ṣùgbọ́n kíìlì irin tó dá dúró lè ṣubú pa èèyàn. Kí wọ́n fi irin dè é kí nọ́ọ̀tù ìgbẹ̀yìn tó tú.

Kọ́lá Solent:
Ẹ má gbàgbé fáíbà inú náà o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní Centaur ló ti fi fáíbà àti epoxy gbé ìgànná kéékèèké dábùú inú ibẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ara ọkọ̀ má bàa máa tẹ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ bá ń lọ́ kíìlì. Bóòtù tuntun lórí fáíbà tó ń mí, á tún dẹ̀ ni.

Adé Medway:
Mo ti bá ilé ìrọrin kan sọ̀rọ̀ nípa bóòtù, síńkì ni wọ́n máa rì í sí. Wọ́n béèrè ìwọ̀n àwọn pẹlẹbẹ irin tó máa wà lábẹ́ nọ́ọ̀tù. Wáṣà àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju nọ́ọ̀tù lọ. Báwo ni kó ṣe fẹ̀ tó?

Ajórin Àpápá:
Ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ìwọ̀n bóòtù ní fífẹ̀, ìdá mẹ́rin ìwọ̀n bóòtù ní nínípọn. Fún 19 tìrẹ, jẹ́ kí wọ́n gé 75 mílímítà lóròó àti ní ìbú, nínípọn mílímítà 5 ó kéré tán. Èmi á ṣe 6. Bí bóòtù méjì bá sún mọ́ra, kí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo gba àwọn méjèèjì. Kí wọ́n fá igun rẹ̀ kó yípo, kó má bàa gé fáíbà. Ibi tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dagun, epoxy tí a pò ki ni kí o fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀, kó tẹ́jú kí nọ́ọ̀tù tó bà lé e. Fa nọ́ọ̀tù náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti jókòó sórí ẹrẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.